Wáìnì híhó wo ni kí n rà fún àpèjẹ ọdún, ṣé dandan sì ni kí ó jẹ́ ṣanpéènì?

Ìyàwó Ilé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìmúra ọdún. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé wa ni àwọn ẹbí ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wa yóò péjọ sí lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì tún padà wá lálẹ́ tí a ó fi wọ ọdún tuntun. A ó tó bí ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ìgò ṣanpéènì mẹ́ta tí owó wọn kì í ṣe kékeré, mo tọ́jú wọn títí di ìgbà tí a fẹ́ gé kéèkì, mo sì bù ú fún gbogbo ènìyàn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán tí mo ń kó ife jọ, mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò mu ju ẹnu kan lọ. Ìyá ọkọ mi, tí kì í fẹ́ sọ ohun tí yóò dun ènìyàn, sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ọtí náà kan lẹ́nu òun. Ó dùn mí, nítorí pé mo fẹ́ fi yẹ́ wọn sí ni.

Brut ni wọ́n kọ sára àwọn ìgò náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti wo orí àtẹ dáadáa, mo rí Extra Dry, mo rí Sec, mo rí Demi-Sec, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó dùn nínú wọn. Èrò mi ni pé èyí tí wọ́n pè ní Extra Dry yóò tún kan ju Brut lọ, nítorí náà mo sá fún un. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kí ó jẹ́ ṣanpéènì gan-an, tàbí mo lè ra Prosecco tàbí Cava tí owó wọn fúyẹ́, tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo ṣahun sí àlejò. Ìgò mélòó ni yóò tó wa? Kí ni kí n sì gbé fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó lóyún, àti fún àwọn tí kì í fẹnu kan ọtí rárá?

Atawáìnì:

Ìyàwó Ilé, ẹ kú ìmúra. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ta wáìnì, mo sì lè fi dá yín lójú pé ó ṣeé ṣe kí ọtí tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá má ní àléébù kankan. Kéèkì ló bà á jẹ́. Nígbà tí ṣúgà bá ti gba ẹnu, wáìnì tí ṣúgà rẹ̀ kéré yóò kan lẹ́nu ẹni tó ń mu ún, bí ó ti wù kí owó tí wọ́n fi rà á pọ̀ tó. Ká ní ìgò kan náà ni ẹ ṣí nígbà tí àwọn àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ẹ gbé ẹ̀pà oníyọ̀ tàbí ẹja díndín tì í, mo gbà pé ife òfìfo ni ẹ̀ bá kó jọ. Iyọ̀ àti òróró máa ń jẹ́ kí Brut tu ẹnu lára, torí kíkan rẹ̀ ni yóò fọ òróró náà kúrò lórí ahọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá, nítorí pé bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní ṣi ìgò rà mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ṣanpéènì, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì tí kò hó, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì dé e pinpin. Ìwúkàrà náà yóò jẹ ṣúgà yìí tán nínú ìgò; afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde kò rí ọ̀nà lọ, ni yóò bá wọnú wáìnì lọ, òun náà ni ó ń hó nígbà tí a bá dà á sínú ife. Ìwúkàrà tó ti kú yóò wà nísàlẹ̀ ìgò fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dorí ìgò kodò díẹ̀díẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò fi kó sí ọrùn ìgò, tí wọ́n á sì yọ ọ́ dànù. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n máa ń fi wáìnì tí wọ́n po mọ́ ṣúgà dí. Bí ṣúgà ìkẹyìn yìí ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ tí ẹ rí lára ìgò ń sọ fún yín.

Òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ ní Yúróòpù ti là á sílẹ̀. Brut Nature kò gbọdọ̀ ní tó gíráàmù 3 ṣúgà nínú lítà kan, wọn kì í sì í fi ṣúgà kankan dí i. Extra Brut kò gbọdọ̀ ju 6 lọ, Brut kò sì gbọdọ̀ tó 12. Extra Dry wà láàárín 12 sí 17. Sec, tí àwọn mìíràn ń kọ ní Dry, wà láàárín 17 sí 32. Demi-Sec láàárín 32 sí 50. Èyí tó bá sì ju 50 lọ ni Doux, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n lónìí. Ẹ ó rí i pé òdìkejì ohun tí ẹ rò ni ó rí: Extra Dry dùn ju Brut lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ó ń rú lójú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣanpéènì dùn rinrin, àwọn ará Rọ́ṣíà ní pàtàkì sì fẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Àwọn oníbàárà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bèèrè èyí tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn oníwáìnì ń pè ní gbígbẹ, ìyẹn Dry tàbí Sec, ṣùgbọ́n gbígbẹ náà jẹ́ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó dùn bí oyin. Ní ọdún 1874, Ìyáàfin Louise Pommery ti ìlú Reims gbé èyí tí kò dùn rárá jáde, ó pè é ní Brut. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ̀ lé e, Brut gba ipò èyí tó gbẹ jù lọ, àwọn orúkọ àtijọ́ kò sì yí padà.

Nítorí náà, ẹ ṣí Brut nígbà tí àlejò bá ń wọlé, kí ẹ sì fi Demi-Sec ti kéèkì. Òfin kan ṣoṣo tí mo máa ń tẹ̀ lé lórí ohun dídùn ni pé kí wáìnì dùn tó oúnjẹ náà, ó kéré tán. Fún ìyá ọkọ yín, mo tún dábàá Asti láti ẹkùn Piedmont ní Ítálì. Èso àjàrà Moscato ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á mú un tutù kí ìwúkàrà tó jẹ ṣúgà èso náà tán, èyí ló fà á tí ó fi dùn, tí ó ń ta sánsán bí èso tútù, tí agbára ọtí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti ṣanpéènì tó 12. Mo ti rí àwọn àgbà tí kì í mu wáìnì tí wọ́n bèèrè ife Asti kejì.

Ọ̀rẹ́ Àjàrà:

Gbogbo ohun tí Atawáìnì sọ ni mo fara mọ́. Èmi fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí pé mo fẹ́ràn ṣanpéènì tọkàntọkàn, mo sì tún gbà pé owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná lé e lórí lásìkò ọdún kò bọ́ sí ibi tó yẹ.

Ṣanpéènì kì í ṣe orúkọ gbogbo wáìnì tó bá ti ń hó. Orúkọ ilẹ̀ ni. Champagne wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Faransé, lágbègbè Reims àti Épernay, orí ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú àjàrà rẹ̀ ti ń hù. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èso pọ́n ní àpọ́njù, ìdí nìyẹn tí wáìnì wọn fi mú lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Chardonnay, Pinot Noir àti Meunier ni ó pọ̀ jù lọ nínú àjàrà wọn. Bí ẹ bá rí Blanc de Blancs lára ìgò, àjàrà funfun nìkan ni wọ́n fi ṣe é, ó sábà máa ń fẹ́lẹ́ lẹ́nu. Blanc de Noirs ni ti àjàrà dúdú tí wọ́n fún tí wọn kò jẹ́ kí èèpo rẹ̀ rẹ sínú omi, ó máa ń kún ẹnu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣanpéènì tí kò ní ọdún lára, ìyẹn ọdún tí wọ́n ká àjàrà rẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú àjà ilẹ̀ kí ó tó pé oṣù 15, èyí tó bá sì ní ọdún lára gbọ́dọ̀ pé ọdún 3. Bí wáìnì ṣe ń pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà ni òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ààrò yóò máa wọ inú rẹ̀. Òórùn yẹn àti ìhó wẹ́wẹ́ tí kì í tètè parẹ́ ni ẹ ń sanwó fún, pẹ̀lú orúkọ.

Ṣùgbọ́n Faransé fúnra rẹ̀ ń ṣe Crémant ní Alsace, ní Burgundy, ní Limoux, ní àfonífojì Loire àti níbòmíràn, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà ṣe ṣanpéènì ni, ó kéré tán oṣù 9 lórí ìwúkàrà. Cava ti Sípéènì, tí púpọ̀ rẹ̀ ń wá láti Penedès ní Catalonia, ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí bákan náà. Tí ẹ bá rí Reserva lára rẹ̀, ó ti lo oṣù 18, Gran Reserva sì ti lo oṣù 30, èyí tó ju ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ṣanpéènì tí kò ní ọdún lára lọ ní ìlọ́po méjì. Gúúsù Áfíríkà ní Cap Classique, Ítálì ní Franciacorta, gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ń ṣe èyí tó dára gan-an lórí ilẹ̀ ẹfun tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé Gran Reserva tàbí Crémant tó dára fún àlejò kò ṣahun rárá.

Prosecco yàtọ̀. Láti ẹkùn Veneto àti Friuli ní Ítálì ni ó ti ń wá, àjàrà Glera ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú agbada irin ńlá ni ìwúkàrà rẹ̀ sì ti sábà máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe inú ìgò. Ẹ má ṣe wá òórùn búrẹ́dì níbẹ̀. Òórùn píà àti òdòdó ni yóò kí yín, ó sì yẹ kí ẹ mu ún nígbà tí ó ṣì tuntun. Púpọ̀ Prosecco ni ó jẹ́ Extra Dry, nítorí náà ẹ ti sá fún ohun tí àwọn àlejò yín lè fẹ́ràn jù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ po omi èso mọ́ wáìnì, Prosecco tàbí Cava ni kí ẹ lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da omi ọsàn sórí iṣẹ́ oṣù 15.

Bí èmi bá wà ní ipò yín, Cava tàbí Crémant ni n ó rà fún gbogbo ènìyàn, n ó sì ra ìgò ṣanpéènì kan péré fún ìgbà tí aago bá lu méjìlá òru.

Bàbá Ìbejì:

Ìyàwó wa, o kú ìmúra, Ọlọ́run yóò ṣe é ní àṣeyọrí. Ọ̀rẹ́ Àjàrà sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ aago méjìlá òru yẹn. Nígbà tó bá fi máa di òru, gbogbo ènìyàn ti jẹ, wọ́n ti mu, ariwo ti gba ilé, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣanpéènì àti Prosecco. Ìgò tó bá dára jù lọ nínú ilé rẹ, kọ́kọ́ ṣí i, nígbà tí ẹnu ṣì mọ́, tí àwọn ènìyàn ṣì lè jókòó tì í kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Jẹ́ kí Prosecco kí ọdún tuntun káàbọ̀. Bí mo ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo ní ìbátan kan tí kọ́ọ̀kì bà lójú níbi àpèjẹ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kò fi lè fi ojú náà kàwé, ọpẹ́ ni pé kò fọ́. Agbára afẹ́fẹ́ inú ìgò ṣanpéènì ju ìlọ́po méjì ti inú táyà ọkọ̀ lọ, bí ìgò bá sì gbóná, tàbí bí wọ́n bá mì ín, kọ́ọ̀kì lè fò jáde tagbáratagbára. Nítorí náà, mú un tutù dáadáa. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fìríìjì tó, tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú korobá tí o bu omi àti yìnyín sí. Omi náà ṣe pàtàkì, torí yìnyín nìkan kò lè fara kan gbogbo ara ìgò. Má ṣe gbàgbé rẹ̀ sínú ibi tí ẹran ti ń dì nínú fìríìjì, nítorí pé ó lè bẹ́. Bí o bá fẹ́ ṣí i, mú bébà kúrò, fi àtàǹpàkò rẹ tẹ orí kọ́ọ̀kì, kí o tó tú wáyà rẹ̀, má sì gbé àtàǹpàkò náà kúrò mọ́ láti ìgbà yẹn. Fi aṣọ bo kọ́ọ̀kì, dẹ ìgò sí ẹ̀gbẹ́, kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí ènìyàn kò sí, di kọ́ọ̀kì mú gírígírí, kí o wá máa yí ìdí ìgò. Ìgò ni o ó yí, kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Ó yẹ kí ó mí jáde wúyẹ́ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Èyí tó bá dún gbàmù ti da díẹ̀ nínú ohun tí o rà sílẹ̀.

Ìyàwó Ilé:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, sà. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé a máa ń fi kọ́ọ̀kì ṣeré, àwọn ọmọdé sì máa ń pàtẹ́wọ́. N ó dá a dúró lọ́dún yìí. Ọ̀rẹ́ Àjàrà, Atawáìnì, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo rí i báyìí pé kì í ṣe owó ni mo ná kù. Ó ku ìbéèrè mi nípa iye ìgò àti nípa àwọn tí kì í mu ọtí. Mo tún fẹ́ bèèrè nípa ife: àwọn ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ní kò pé ogún, ṣé mo lè fi ife wáìnì lásán kún un? Ẹnì kan sì sọ fún mi pé bí ọtí bá ṣẹ́ kù, kí n ki ṣíbí fàdákà bọ ẹnu ìgò, pé ìhó rẹ̀ kò ní lọ.

Atawáìnì:

Ìgò kan jẹ́ mílílítà 750, ife mẹ́fà sì ni yóò bù dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ife kan péré fún ènìyàn ogún ni, ìgò mẹ́rin tó yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí oníkálukú mu méjì, ẹ ra méje, kí ẹ sì fi ọ̀kan kún un, nítorí pé ìhó máa ń tan ẹni tó ń bu ọtí jẹ. Magnum, tí í ṣe ìgò ńlá oní-lítà kan àti ààbọ̀, jẹ́ ìgò méjì nínú ẹyọ kan. Ó ń buyì kún àárín tábìlì, wáìnì inú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbó.

Fún aláboyún, ẹ ṣọ́ra. Èyí tí wọ́n kọ sí pé wọ́n ti yọ ọtí rẹ̀ kúrò lè ṣì ní díẹ̀ nínú, títí dé ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sì ń gba aláboyún níyànjú pé kí ó má ṣe fẹnu kan ọtí rárá. Omi èso àjàrà híhó tí kò di wáìnì rí ni kí ẹ rà fún un, tàbí èyí tí wọ́n kọ 0.0 sí lára kedere. Ẹ mú un tutù bíi ti àwọn yòókù, kí ẹ bù ú sínú irú ife kan náà, kí ẹ sì gbé e wá pọ̀ mọ́ ti gbogbo ènìyàn. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn oníbàárà mi, torí pé inú ẹni tí kò mu ọtí kì í dùn nígbà tí wọ́n bá gbé omi lásán síwájú rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń gbé ife sókè. Ẹ rántí àwọn tí yóò wa ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú.

Ife wáìnì funfun lásán dára, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀ ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ fún ṣanpéènì tó ti pẹ́, nítorí pé imú ráyè gbọ́ òórùn rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ dára fún Prosecco. Èyí tó fẹjú bí àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ má ṣe lò, torí ìhó kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan gbogbo ife náà dáadáa, kí ọṣẹ má ṣe kù lára wọn. Ọṣẹ díẹ̀ péré ti tó láti pa ìhó. Ní ti ṣíbí, wọ́n ti dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Ìdérí onírin tí wọ́n ṣe fún ìgò ṣanpéènì, èyí tó ń há mọ́ ọrùn ìgò, ni kí ẹ rà. Ẹ dé e kíá, ẹ gbé e padà sínú fìríìjì, yóò sì ṣì dára lọ́jọ́ kejì. Òtútù ló ń mú afẹ́fẹ́ dúró nínú wáìnì, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgò tó ti ṣí dúró lórí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà.